Ẹ fo kappa

Ẹ ṣeun fún ìròyìn yìí lórí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn àtẹnudẹ́nu, àmọ́ ó dùn mí pé ẹ dárúkọ dírágónì, ẹ fo kappa àwọn ará Jàpáànù. Inú odò ló ń gbé, ó ní ìkarahun lẹ́yìn, àárín orí rẹ̀ jin kòtò, omi inú kòtò náà sì ni agbára rẹ̀. Ó máa ń fa èèyàn àti ẹṣin wọ odò, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹríba kí i, dandan ni kó tẹríba padà, lomi bá dànù, ó di aláìlágbára. Ìkà tí kò lè ṣàìdáhùn ìkíni! Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nílùú Tono ní Jàpáànù, wọ́n ṣì ń so kùkúńbà mọ́ ọ̀pá ìpẹja létí odò kan tí wọ́n ń pè ní Kappabuchi láti fi dẹ ẹ́, torí ohun tó fẹ́ràn jù nìyẹn.