Gbígba Golden Globe kò túmọ̀ sí gbígba Oscar

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní fíìmù tó bá ti gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Globe ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar tán, pé ayẹyẹ lásán ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn akọ̀ròyìn ló ń dìbò Golden Globe. Àwọn òṣèré, olùdarí àti òṣìṣẹ́ fíìmù tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Academy, àjọ tó ń fúnni ní Oscar, ló ń dìbò Oscar.

Lọ́dún 2020, fíìmù tí wọ́n ń pè ní 1917 gba Golden Globe, ó gba BAFTA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún gba ti ẹgbẹ́ àwọn olùdarí. Síbẹ̀, Parasite ló gbé Oscar fíìmù tó dára jù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Chadwick Boseman gba Golden Globe òṣèrékùnrin tó dára jù lọ, àmọ́ Anthony Hopkins ni wọ́n pè níbi Oscar, kò tilẹ̀ sí nínú gbọ̀ngàn!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: fún Oscar fíìmù tó dára jù lọ, ńṣe ni àwọn olùdìbò ń to fíìmù mẹ́wàá tẹ̀ léra, láti orí èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Bí kò bá sí èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ fi ṣe àkọ́kọ́, wọ́n á yọ èyí tó gbẹ́yìn, wọ́n á sì pín ìbò rẹ̀ fún èyí tí olùdìbò kọ̀ọ̀kan tò tẹ̀ lé e, títí ọ̀kan á fi kọjá ìdajì. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ fi ṣe ìkejì lè tipa bẹ́ẹ̀ borí èyí tí gbogbo ayé ń pariwo.