Ẹ gba ọkọ̀ yín padà lọ́wọ́ wọn

Nígbà tí General Motors kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń wa Chevrolet Bolt, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń fi iná bátìrì rìn, pé kí wọ́n má ṣe gbé e sínú gáréèjì mọ́, a rò pé ìkìlọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ni. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà fi kún un pé ẹni tó bá gbé Bolt rẹ̀ síta gbọ́dọ̀ fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 50 sáàárín rẹ̀ àti ọkọ̀ mìíràn, kí iná bátìrì rẹ̀ má baà ran ti ẹlòmíràn. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ ka ìṣísẹ̀ ogún sí apá ọ̀tún àti ogún sí apá òsì nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí tó bá sún mọ́ yín jù lọ, kí ẹ wá wo iye ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ kí Bolt kan ṣoṣo tó ráyè dúró.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà ìpèpadà kìíní, ìyẹn ìgbà tí GM kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé Bolt wá fún àtúnṣe, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ni ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ pé ẹni tó yá ọkọ̀ lò, tí ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, tó sì ń sanwó lé e lórí lóṣooṣù, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà tàbí láti fi gba òmíràn láìsan owó ìtanràn kankan, nígbà tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lè gbiná. Èsì tó ń tọwọ́ GM wá ni pé òun yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí ló sú wa. Ẹni tó bá lè pariwo, tó sì lówó agbẹjọ́rò, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń kàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ń retí kì í kàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ohun tó wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bolt ọdún 2017 sí 2019 ni wọ́n sọ pé ó ń rin máìlì 238 bí bátìrì rẹ̀ bá kún. Wọ́n ní kó má ṣe ṣáàjì rẹ̀ kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bíi máìlì 24 ti lọ nìyẹn. Wọ́n tún ní kó má ṣe jẹ́ kí èyí tó kù nínú rẹ̀ dín sí máìlì 70. Ìyẹn náà ti lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti fi rìn jẹ́ nǹkan bíi máìlì 144, tó jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí wọ́n yá a. Owó oṣù kò dín sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Bó bá sì jẹ́ ilé alájà púpọ̀ ló ń gbé, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ilé ni ibi ìṣáàjì wà, kò rí ibi ṣáàjì mọ́ lóru, nítorí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ṣáàjì nínú ilé mọ́jú. Àwọn àgbà náà ṣáà ní a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iná náà síbẹ̀ ló yẹ kó wá gbé e sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe kó máa kọ́ onílé bí yóò ṣe máa sùn síta.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ ti sọ́fútíwià. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021, Bolt aṣòfin ìpínlẹ̀ Vermont kan, tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe ọ̀hún fún, gbiná ní iwájú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé pé àbùkù méjì ló máa ń pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, ìyẹn ẹyọ kan nínú àwọn tó para pọ̀ di bátìrì: etí ọ̀pá iná tó ya, àti awẹ́ tó ká kò, èyí tó yẹ kó pààlà sáàárín ọ̀pá iná méjèèjì. Sọ́fútíwià wo ni yóò na ohun tó ká? Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Òfin ààbò ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àlọ́. Ó ní ẹni tó ṣe ọkọ̀ alábùkù lè tún un ṣe, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kó dá owó tí wọ́n fi rà á padà lẹ́yìn tó bá ti yọ iye tí ìlò ti jẹ nínú rẹ̀. Òun ló ni yíyàn, àmọ́ bó bá yan àtúnṣe, tí àtúnṣe náà kò sì yanjú láàárín àkókò tó bójú mu, ó di dandan kó pààrọ̀ ọkọ̀ tàbí kó dá owó padà. Bí ọjọ́ 60 bá sì ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọkọ̀ wá, òfin ka ìyẹn sí ẹ̀rí pé àkókò ti kọjá. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ ni òfin ń wí, ẹni tó yá ọkọ̀ kò sì ra nǹkan kan. Ohun tí ìlànà rántí ṣe fún òun ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó yá a lọ́kọ̀ fi ìwé ìpèpadà ránṣẹ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwé nìkan ló kàn án.

Ó tún wà ní àkọsílẹ̀ pé ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí ọmọ ìyá méjì ti kú ní California ní 2004 nínú ọkọ̀ háyà tí wọ́n ti pè padà tí wọn kò tún ṣe, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé ilé-iṣẹ́ háyà tó ní ọkọ̀ 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mọ́. Háyà tí kò tó oṣù mẹ́rin nìkan ni òfin náà dé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi Bolt lọ síbi ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀ ni òfin dáàbò bò. Ẹni tó yá a fún ọdún mẹ́ta, tó ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, kó máa wà á lọ. Àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àjọ yìí kan náà ló kìlọ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021 pé kí wọ́n máa gbé Bolt jìnnà sí ilé. Bó bá mọ bí a ṣe ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀, kí ló dé tí kò mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹni tó ṣe é?

A mọ ohun tí GM yóò fọ̀. Yóò ní ìpèpadà yìí, tó ti dé orí ọkọ̀ bíi 142,000, yóò ná òun tó bílíọ̀nù 1.8 dọ́là, pé láti àárín oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni bátìrì tuntun yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn dílà, pẹ̀lú gàráńtì ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000. Ó dáa, fún ẹni tó ni ọkọ̀. Kí ni ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ku oṣù mẹ́fà yóò fi gàráńtì ọdún mẹ́jọ ṣe? Òun ló fara da ewu àti ìnira; ilé-iṣẹ́ tó yá a lọ́kọ̀ ni yóò gba ọkọ̀ tó ti ní bátìrì tuntun padà, tí yóò sì tà á lówó gọbọi. GM Financial, tó ń yá àwọn ènìyàn ní Chevrolet, ọmọ GM ni. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló bọ́ sí. GM fúnra rẹ̀ sì ti ní òun yóò gba owó òun lọ́wọ́ LG tó ṣe bátìrì, ó ti dá iṣẹ́ Bolt dúró lọ́dún 2021 yìí ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Orion ní Michigan, ó sì ti ní kí àwọn dílà má tà á mọ́. Ọkọ̀ tí dílà kò gbọ́dọ̀ tà ni wọ́n ní kí ẹni tó yá a máa bá kiri.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀, kò sì yí padà. Kí GM kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, fún gbogbo ẹni tó yá Bolt lò láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, pé wọ́n lè dá a padà lónìí láìsan owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n fi gba ọkọ̀ tó bá a dọ́gba lórí owó oṣù kan náà, kí wọ́n sì dá ìdá tó yẹ padà fún wọn nínú owó tí wọ́n ti san láti ìgbà tí wọ́n ti dín máìlì wọn kù. Bí GM kò bá kọ ọ́, kí NHTSA sọ fún gbogbo ènìyàn ìdí tí ọjọ́ 60 kò fi kan ẹni tó yá ọkọ̀. Kó tètè sọ ọ́ o, nítorí oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ti fẹ́ wọlé, owó oṣù tún ti tó san.