Ẹ má kàn pa rẹ́kọ́dà kẹ́ ẹ máa lọ

Ẹni tó kú ò lè padà wá sọ bí ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀ ṣe rí, ẹni tó ń gbé e dìde, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un lóru, tó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí, òun ló mọ̀. Torí ẹ̀ la ṣe fara mọ́ ọn pé káwọn olùwádìí máa lọ bá àwọn tó tọ́jú aláìsàn títí tó fi kú, pàápàá lábúlé tí ilé ìwòsàn ti jìnnà. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé nínú 100 èèyàn tó nílò ìtọ́jú tó ń mú kí ara tu ẹni tó ń ṣàìsàn líle, nǹkan bíi 14 péré ló ń rí i gbà, ta ló wá fẹ́ sọ ohun tójú àwọn tó kù ń rí bí kì í bá ṣe ará ilé wọn?

Bí àwọn olùwádìí ṣe ń bi wọ́n léèrè ló kù díẹ̀ káàtó. "Kí ló dé tẹ́ ò tètè gbé e lọ sọ́sípítù?" Létí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀sùn nìyẹn, ó ti ń bi ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóròòru tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ ní kó sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ. Tó bá ń sunkún, ẹ má sáré ka ìbéèrè tó kàn, ẹ má sì sáré kó ẹrù yín, ẹ bi í bóyá ká sinmi ni, ká dúró ni, àbí ká máa bá a lọ, torí ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ sọ ọ́, wọn ò rí ẹni gbọ́ ọ ni.

Ti orúkọ tẹ́ ẹ kàn ń yọ kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, tẹ́ ẹ wá rò pé kò sẹ́ni tó máa dá ẹni náà mọ̀, ló ń dùn wá jù. Ní ìlú ńlá ó lè tó. Lábúlé tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni jẹjẹrẹ pa lọ́dún yẹn, tẹ́ ẹ bá kọ "ìyàwó àgbẹ̀ kan", ta ni ò mọ̀ ọ́n? Nọ́ọ̀sì tí ìyàwó yẹn fẹjọ́ ẹ̀ sùn yín náà ló máa tọ́jú ọmọ ìyàwó yẹn lọ́la o. Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ sétí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, èyí tó bá ní kẹ́ ẹ yọ, ẹ yọ ọ́.

Ìlànà Helsinki, táwọn dókítà kárí ayé gbé kalẹ̀ fún ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n ń fi èèyàn ṣe, ti sọ látọdún 1964 pé ẹni tó gbà láti kópa lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọkọ obìnrin kan ló mú yín wá bá a, tó tún jókòó tì yín, báwo lobìnrin náà ṣe fẹ́ sọ pé òun ò ṣe mọ́?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu irú ìwádìí yìí, èyí tí ò bá ti ní ètò fún ẹ̀yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ dá a padà. Ta ló máa pe obìnrin yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí ńkọ́, ta ló máa padà lọ wò ó, owó mọ́tò ẹni yẹn sì dà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì? Kí orúkọ ẹni yẹn wà lórí fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.