Ta ló sọ pé gbogbo abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àtijọ́ ló máa na Joshua?

Ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀ kan ní Ìtòkú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo lọ gba ṣòkòtò mi níbẹ̀, ìgbà kẹta tí mo máa lọ nìyẹn, kò sì tíì ṣe tán. Ẹnì kan bá ń fi ìjà Anthony Joshua àti Daniel Dubois ti ọdún 2024 hàn wá lórí fóònù, èyí tí Dubois ti fi ẹ̀ṣẹ́ dá ọmọ wa dùbúlẹ̀ ní ráúńdì karùn-ún. Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. "Èyí náà lẹ ń pè ní abẹ̀ṣẹ́? Ẹ gbé e fún Ali. Ẹ gbé e fún Marciano. Ẹ gbé e fún Dick Tiger wa pàápàá. Kò ní í rí ráúńdì kẹta."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbè é. Mi ò sì tíì dé ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ẹ̀ṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́ńwá, kí n má gbọ́ ọ: ìgbà àtijọ́ ni ọkùnrin wà, ráúńdì 15 ni wọ́n ń jà, oúnjẹ gidi ni wọ́n jẹ dàgbà, àwọn ti ìsinsìnyí kàn ń gbé owó ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

Mo ní kí bàbá yá mi ní tépù àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fàlà sára aṣọ. Mo wọn ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10 lára ògiri, mo fàlà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni orí Rocky Marciano mọ, ọkùnrin tó ja ìjà 49 tí ẹnikẹ́ni ò nà án rí. Mo wá gun àpótí, mo fa ìlà kejì ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 6. Joshua nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ bàbá lọ dúró ti ìlà Marciano, orí rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó nawọ́ sókè sí ti Joshua, ó ń rẹ́rìn-ín.

Gíga nìkan kọ́. Nígbà tí Marciano bá Archie Moore ja ìjà ìkẹyìn rẹ̀ ní 1955, nǹkan bíi kílò 85 ló wọ̀n. Joshua tó bá Wladimir Klitschko jà ní Wembley ní 2017 wọn kílò 113. Ohun tí ọ̀kan fi wúwo ju èkejì lọ ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti wúwo kọjá ẹ̀ka light heavyweight, héfíwéètì, ẹ̀ka àwọn tó wúwo jù lọ, náà ló ń lọ, bó ṣe wù kó kéré mọ. Nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n tó dá cruiserweight sílẹ̀ láàárín méjèèjì, òpin rẹ̀ lónìí sì lé díẹ̀ ní kílò 90. Ká ní òní ni wọ́n bí Marciano, ibẹ̀ ni wọ́n máa fi í sí, òun àti Joshua ò sì ní í pàdé láé.

Bàbá bá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára aṣọ, ó gbé e síwájú mi. "Bí èyí ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ."

Ó jàre níbẹ̀, mi ò sì ní í purọ́ nítorí àtiborí. Ní 1919, Jack Dempsey tí kò ju kílò 85 lọ gbá Jess Willard tó wọn 111 ṣubú lẹ́ẹ̀meje ní ráúńdì kìíní nìkan. Ní 1935, Joe Louis na Primo Carnera, òmìrán tó fi kílò 29 wúwo jù ú lọ, ní ráúńdì kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí Willard jẹ́ lọ́jọ́ yẹn: ó ti pé ẹni ọdún 37, ọdún mẹ́ta sì ni kò ti fi ìgbànú àgbáyé rẹ̀ jà. Òmìrán ìgbà yẹn, títóbi ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́. Joshua tóbi bíi tiwọn, ó sì tún gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 2012. Ẹni tó tóbi tó sì mọ iṣẹ́ kì í ṣe Carnera.

Bàbá rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀, ó gbé Dick Tiger dé. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí Ìbàdàn, sí pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ń fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè báyìí, ó sì fojú ara rẹ̀ rí Tiger àti Gene Fullmer. Bàbá dìde. Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó kó àgbọ̀n mọ́ àyà, ó ń rọra tẹsẹ̀ wọlé tọ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ bí ẹni pé ẹ̀rọ ni Fullmer. "Ráúńdì méje! Òyìnbó ò lè dìde lórí àga fún ìkẹjọ!" Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ìjà ìgbànú àgbáyé lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ọmọ Nàìjíríà sì borí. Ta ló máa rí ìyẹn lọ́mọdé tí kò ní í gbé e títí dé ọjọ́ alẹ́?

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọn Tiger náà." Wọ́n kọ̀.

Tiger ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 8 lọ. Ẹ̀ka tó ti jọba kò kọjá kílò 72 àti ààbọ̀. Akin ni, torí nígbà tó bọ́ sí light heavyweight, ó gba ìgbànú José Torres níbẹ̀ ní 1966. Àmọ́ ní 1968, Bob Foster tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 3 dúró sókèèrè, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé e ṣánlẹ̀ ní ráúńdì kẹrin. Foster yìí kan náà gòkè lọ sí héfíwéètì ní 1970, ráúńdì méjì péré ni Joe Frazier fi ṣe tirẹ̀. Nígbà tó di 1973, George Foreman gbá Frazier lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ní Kingston, ní ráúńdì méjì náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ba gbogbo ìṣirò wa jẹ́. Frazier ti na Ali ní 1971. Ken Norton na Ali ní 1973, ó tún fọ́ ọ lágbọ̀n. Foreman ya Frazier, ó ya Norton náà ní ráúńdì méjì ní 1974. Ẹni tó bá ń ṣírò bí a ṣe ń ṣírò ní ṣọ́ọ̀bù, pé lágbájá na tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò na làkáṣègbè, á ti lọ ra aṣọ ọ̀fọ̀ Ali sílẹ̀ kí Ali àti Foreman tó pàdé ní Kinshasa. Ráúńdì kẹjọ, Foreman ló wà nílẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé àárín ẹgbẹ́ kan náà, ọdún mẹ́rin kan náà, ìṣirò yìí ò wọlé? Báwo ló ṣe fẹ́ wọlé láàárín àádọ́ta ọdún?

Wọ́n tiẹ̀ ti gbé e fún kọ̀ǹpútà rí. Ní 1969 wọ́n kó Ali àti Marciano tó ti fẹ̀yìn tì jọ sí Miami, wọ́n ní kí wọ́n máa díbọ́n jà, kí kọ̀ǹpútà sọ ẹni tó borí. Èyí tí wọ́n fi han ará Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 1970, Marciano ló lu Ali dákú ní ráúńdì 13. Èyí tí wọ́n fi han àwọn kan ní Yúróòpù, Ali ló borí. Marciano ò rí ìkankan níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ti já pa á.

Ráúńdì 15 ńkọ́? Ọ̀lẹ kọ́ ló jẹ́ kó di 12. Duk Koo Kim ló kú lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini ní 1982, ráúńdì 14 ló ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kù.

Ohun tó ń ṣe wá ni pé ọjọ́ tí àgbà borí la fi ń rántí rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọdé ṣubú la sì fi ń mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Andy Ruiz na Joshua ní 2019. Ta ló ń dárúkọ Leon Spinks, tí ìjà méje péré wà lára rẹ̀ nígbà tó gba ìgbànú Ali ní 1978? Max Schmeling lu Joe Louis dákú ní 1936. Ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Tyson, ẹ má dákẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ nípa Tokyo ní 1990, níbi tí Buster Douglas ti lu Tyson dákú.

Tèmi rèé tí ẹ bá bi mí. Ali ti 1966, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, máa na Joshua, kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ará àtijọ́. Oleksandr Usyk ló fi yé mi: kò ga ju Ali lọ, ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n ló sì fi na Joshua lẹ́ẹ̀mejì. Louis lè rí i ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yá. Tyson, ẹ jẹ́ kí Joshua kọ́kọ́ la ráúńdì mẹ́rin já. Marciano àti Frazier, mi ò rí ibi tí wọ́n máa gbà wọlé sí i lára. Ali ti 1980 tó ti dàgbà, tí Larry Holmes nà, èmi ò ní í jẹ́ kó jáde nílé rárá.

Mo padà lọ gba ṣòkòtò ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìlà méjèèjì ṣì wà lára ògiri. Ẹnì kan ti gun àpótí fa ẹ̀kẹta, ó fi bí ìka mẹ́rin ga ju ti Joshua lọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà síbẹ̀: DICK TIGER. Mo wo bàbá. Bàbá ní ṣòkòtò mi ti ṣe tán.