Kì í ṣe bọ́ǹbù nìkan ló ni E=mc²

Ẹ bi ẹni tó bá ti gbọ́ E=mc² rí pé kí ló jẹ́: bọ́ǹbù átọ́mù ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó kàwé díẹ̀ yóò fi kún un pé inú kóró átọ́mù nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, pé iná lásán àti omi gbígbóná kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Irọ́ ni.

Nínú E=mc², E ni agbára, m ni ìwúwo, c sì ni eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá. Ohun tí Einstein kọ ní 1905 ni pé ohunkóhun tó bá tú agbára sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á dín. Lóòótọ́, ó dárúkọ radium, irin kan tó ń tú agbára jáde fúnra rẹ̀, àmọ́ torí pé ibẹ̀ ló rò pé a ti lè rí i wọ̀n ni.

Ẹ gbé omi kílógíráàmù kan kaná nínú ìkòkò tí a dé pa, kí oru má ráyè jáde, láti 0 dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi yẹn ti wúwo sí i. Báwo ló ṣe tó? Agbára tó wọ inú rẹ̀ tó joule 420,000 (joule ni ẹyọ tí a fi ń wọn agbára). Ẹ wá fi c² pín in, ìyẹn 90,000,000,000,000,000. Ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú igba mílíọ̀nù gíráàmù. Ọ̀rá tí ìka yín fi sára ìkòkò nígbà tí ẹ gbé e wúwo jù ú lọ fíìfíì! Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn?

Inú kóró átọ́mù ni a ti lè rí i wọ̀n. Ní 1932, ní Cambridge, àwọn onímọ̀ méjì, Cockcroft àti Walton, ju proton, ìyẹn kóró átọ́mù hydrogen, lu lithium, ó sì pín sí helium méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: lórí òṣùwọ̀n ìwúwo átọ́mù, lithium 7.0160 àti hydrogen 1.0078 jẹ́ 8.0238, ṣùgbọ́n helium méjèèjì kò ju 8.0052 lọ. Ó dín ní 0.0186, ìyẹn sì bá eré burúkú tí helium méjèèjì bá jáde mu. Ní 2005, àwọn onímọ̀ tún fi silicon àti sulfur dán an wò: ìwúwo tó dín àti agbára tó jáde kò fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù yàtọ̀ síra.

Àní gbólóhùn “ìwúwo di agbára” yẹn gan-an ń ṣì wá lọ́nà. Bí agbára bá ń lọ, ó ń gbé ìwúwo tirẹ̀ lọ ni. Ká ní àpótí kan wà tó lè sé ooru, ìmọ́lẹ̀ àti gbogbo ẹ̀fúùfù bọ́ǹbù mọ́nú pátápátá, bọ́ǹbù ì bá bú gbàmù nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n tó wà lábẹ́ àpótí náà kò ní yí padà.