Oorun Jigglypuff kì í ṣe màgòmágó, ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi lónìí jàre, ó ti ń dùn mí tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń wo fídíò Super Smash Bros. ni mo máa ń rí àwọn tó ń pariwo pé Jigglypuff, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà nínú ẹ̀, ń ṣe màgòmágó, pé bọ́tìnnì kan péré ló ń tẹ̀ téèyàn fi ń kú, pé Rest, oorun tó máa ń sùn láàárín ìjà yẹn, ò tiẹ̀ yẹ kó wà nínú géèmù rárá. Bọ́tìnnì kan péré kẹ̀? Ó dáa, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ká wò yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ Smash (mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lọ̀pọ̀ yín ń gbá lórí PlayStation, mi ò bá yín jà), géèmù ìjà ni o, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ ti máa ń rí ẹ̀mí èèyàn lókè tó ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Pásẹ́ǹtì ni wọ́n ń kà níbí. Bí wọ́n ṣe ń lù ẹ́ ni pásẹ́ǹtì ẹ á máa lọ sókè, bó bá sì ṣe ga tó ni wàá ṣe máa fò jìnnà tó tí wọ́n bá gbá ẹ, títí ẹnì kan á fi gbá ẹ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n pátápátá. Ìgbà yẹn lo tó kú. Masahiro Sakurai àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní HAL Laboratory, ní Japan, ló ṣe é, ti àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1999 fún Nintendo 64, èèyàn 12 ló wà nínú ẹ̀, Jigglypuff sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 4 tí wọ́n fi pa mọ́, àfi kó o ṣiṣẹ́ kó o tó rí i.

Inú Pokémon ló ti wá. Àwọn ará Japan ń pè é ní Purin, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe nǹkan dídùn kan tó máa ń gbọ̀n tìtì nínú abọ́ téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ó rí rọ̀gọ̀dọ̀, píńkì ni, ojú ẹ̀ tóbi, irun kan ká sí iwájú orí ẹ̀. Nínú kàtúùnù, orin ló máa ń kọ, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo èrò á sùn lọ, inú á wá bí i pé wọn ò gbọ́ orin òun parí, á mú bírò, á ya rádaràda sí wọn lójú. Ó ṣì ní orin yẹn nínú Smash o. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé níbi táwọn yòókù ti ní nǹkan kan tí wọ́n á tẹ̀ tá á gbé wọn padà sókè tí wọ́n bá ń já bọ́, orin ni wọ́n fi síbẹ̀ fún tiẹ̀? Èèyàn ń já sínú ọ̀gbun, ó ń kọrin. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó lè fò lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú afẹ́fẹ́, ì bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún.

Rest wá ni ti ìsàlẹ̀. O máa tẹ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì B, ojú ẹ̀ á pa dé, ó tán. Kò na ọwọ́, kò ju ẹsẹ̀, kò yọ idà. Tí ara ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà bá kan ibì kan báyìí láàárín ikùn ẹ̀ lásìkò tó dijú yẹn, iná á sọ, ọ̀gá á fò lọ sókè bí ọta. Tí kò bá kàn án, oorun yẹn náà ló kù, oorun àsùnwọra, níwájú ọ̀tá. Ibi tó ń pani yẹn sì kéré, ó kéré gan-an ni, kò dé etí, kò dé ẹsẹ̀, àfi kó o wọnú ara ẹni yẹn bí ìgbà téèyàn fẹ́ dì mọ́ ọn. Nínú Pokémon, tí wọ́n bá ṣe Rest, ara wọn máa ń yá, oorun yẹn ń wo wọ́n sàn. Nínú Smash kò wo nǹkan kan sàn. O sùn lásán ni.

Àwòrán 60 ni géèmù yìí ń gbé kọjá ní sẹ́kọ́ndì kan. Nínú Melee, Smash kejì, èyí tó jáde lọ́dún 2001 fún GameCube, àwòrán àkọ́kọ́ pàá ni Rest ti ń bá èèyàn, kò sí pé o rí i tó ń bọ̀ kó o wá yẹ̀ ẹ́. Ó ń gbé pásẹ́ǹtì 28 leni lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn tí pásẹ́ǹtì wọn ò tíì le gan-an ló ń bá a lọ. Ibí yìí làwọn tó ń sunkún máa ń ka ìwé yẹn dé, wọ́n á pa á dé. Wọn kì í ka ojú kejì. Ojú kejì ni pé nǹkan bí àwòrán 250 ni Jigglypuff á fi wà lójú oorun, sẹ́kọ́ndì 4 ó lé díẹ̀, kò lè sá, kò lè fò, kò lè fọwọ́ bo ojú. Ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nínú Smash, ìgbà yẹn tó fún èèyàn láti kó ẹrù ilé. Ẹni tó sì wá sùn yìí fúyẹ́ bí òwú, ó wà lára àwọn tó fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn, atẹ́gùn kékeré lásán ti ń gbé e lọ. (Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ n sọ ti ààbò ẹ̀. Tí wọ́n bá lu ààbò àwọn yòókù fọ́, òòyì á kọ́ wọn ni. Ti Jigglypuff bá fọ́, òun fúnra ẹ̀ á fò lọ sókè, á kú, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ta ni Jigglypuff ṣẹ̀ gan-an?)

Bí èmi ṣe mọ nǹkan tí mò ń sọ rèé. Ọmọ àǹtí mi dé láti London nígbà Kérésì, ọmọ ọdún 14, ó gbé Switch, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, dání, Ultimate, Smash tó jáde lọ́dún 2018, ló wà lórí ẹ̀. Ó ní kí n mú ẹni tó bá wù mí. Mo mú èyí tó rí bíi bọ́ọ̀lù yẹn torí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín, òun mú Captain Falcon. Mo ti ka nípa Rest lórí fóònù kó tó dé, mo ti ń fi gbogbo ara dúró, mo ní ó di dandan, màá sun ún fún un lónìí. Falcon sáré bọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ku bí ìka kan. Jigglypuff dijú, ó sùn fọnfọn, èmi wá ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì ara pádì bí ẹni tó ń fọṣọ. Ọmọ yìí ò kánjú. Mo rí i pé ó na ọwọ́, ó mú chin-chin kan nínú abọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó wá nu ìka sára ṣòkòtò. Ó ní, "Ó dàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n." Yorùbá tó gbọ́ ò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, èyí sì wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra ṣe Falcon Punch, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣẹ́ tó lọ́ra jù nínú géèmù yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ì í rí bá ẹni tí ojú ẹ̀ là. Mo wo ẹ̀ṣẹ́ yẹn láti ìgbà tó ti ń ká apá sẹ́yìn. Mo rí gbogbo ẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i.

Ẹ wá sọ fún mi pé ohun tójú mi rí yẹn ni màgòmágó.

Ẹ jẹ́ ká mú Fox wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni táwọn tó ń gbá Melee fẹ́ràn bí ojú. Shine tó ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tàn yí i ká, àwòrán àkọ́kọ́ náà ló ń bá èèyàn, bíi Rest gẹ́lẹ́. Lóòótọ́ kò gbéni jìnnà tó ti Rest, àmọ́ kí ló ń náwó sí i? Ó ṣe é, ó fò jáde nínú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó o tó mọ̀ ó ti tún ṣe òmíràn. Tó bá tàsé, kò sófò. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún Fox, wọ́n ní ọwọ́ ẹni tó ń gbá a yá. Ọwọ́ ẹ̀ yá lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó fi orí ara ẹ̀ dúró sí ohun tó ṣe, èwo ni? Kò sẹ́ni tó ń ṣe Rest tí kì í sanwó. Tó bá tàsé ó sanwó. Tó bá bá a gan-an, ẹni tó pa yẹn á padà wá sáyé láti òkè, ó lè bá a níbi tó ti ń han-an-run, á sì gba gbèsè ẹ̀. Ìyẹn làwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń wo ibi tí òkú máa gbà lọ kí wọ́n tó dijú, torí ẹni tó bá fò lọ sẹ́yìn títí tó fi di ìràwọ̀ máa ń pẹ́ kó tó padà dé, oorun á ti dá.

Kì í sì í ṣe pé èèyàn kàn ń dijú káàkiri o. Tó o bá gbá Fox tàbí Falco mú nínú Melee, tó o jù wọ́n sókè, wọ́n máa ń tètè já bọ̀, ìwọ náà á fò lọ pàdé wọn, á wá kù ọ́ sí pé ṣé o mọ apá ibi tí wọ́n máa yà sí. Tó o bá ṣì í díẹ̀, o ti kú. Lọ́dún 2008 àti 2009, ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Mango ń fi Jigglypuff yìí kan náà na gbogbo wọn nínú ìdíje Melee ní Amẹ́ríkà, ọmọ kékeré nígbà yẹn, eré ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní màgòmágó tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ Mango.

Àwọn tó ṣe géèmù yìí kúkú ti gbọ́ ẹkún àwọn èèyàn rí. Nígbà tí Brawl, Smash kẹta, jáde lọ́dún 2008, wọ́n gé Rest lulẹ̀ láti 28 dé 15, agbára tó fi ń gbéni lọ náà dínkù, wọ́n wá fi òdòdó kan sórí ẹni tí wọ́n bá lù, òdòdó yẹn á máa gbé pásẹ́ǹtì ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Òdòdó! Èrè ni wọ́n gé, oorun ni wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ò mọ ọjà tí wọ́n ti ń ná an báyẹn. Nígbà tó di 2014 tí ti 3DS àti Wii U jáde, wọ́n gbé e padà sí 20, Ultimate tọdún 2018 náà fi í síbẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti máa gbà fún àwọn tó ń pariwo yìí ni ti Hungrybox. Ọkùnrin yìí kàwé ẹnjiníà, Jigglypuff ló ń mú nínú Melee láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó borí EVO, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, ní Las Vegas lọ́dún 2016, ó na Armada ará Sweden níbi àṣekágbá, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo wo fídíò ẹ̀. 2017, 2018, 2019, òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ láyé. Àmọ́ ẹ tún wo bó ṣe ń gbá a. Ó ń léfòó sẹ́yìn, ó ń fẹ̀yìn ta ẹsẹ̀, ó ń léfòó, ó ń dúró, ó ń dúró, ó tún ń dúró, àwọn èrò á ti máa yán níbi tí wọ́n jókòó sí. Orí ẹni tó ń wò ó á gbóná. Nígbà ìdíje Pound lọ́dún 2019, ó borí tán, ẹnì kan nínú èrò ju akàn lù ú. Akàn o, èyí tí wọ́n ń jẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ti ọjọ́ náà ò ríran. Ìwà burúkú gbáà ni, kò sí géèmù tó ní kẹ́ ẹ ju nǹkan lu èèyàn.

Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn ló ń bí wọn nínú, kì í ṣe oorun. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 7 wo ẹni tó ń léfòó, oorun sẹ́kọ́ndì 4 ni wọ́n wá ń bú. Tí wọ́n bá yọ Rest kúrò lónìí, ẹni tó fẹ́ dúró á ṣì dúró, kódà á dúró pẹ́ sí i, torí kò ní sí ohun tó ń dúró dè mọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọmọ àǹtí mi padà sí London, a tún jókòó sí i. Ẹ̀mí kan kan ló kù fún àwa méjèèjì, mo ti ń gbá a bọ̀ jẹ́jẹ́, Falcon ẹ̀ wà ní pásẹ́ǹtì bí àádọ́rùn-ún. Rárá, mo purọ́, ẹ̀mí méjì ló kù fún òun, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ó fò wá, mo wọnú ikùn ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Gbàá! Iná sọ, Falcon bá òkè lọ, èmi náà bá ìjókòó dìde, mo gbé pádì sókè, mo ń jó yíká yàrá, ìyá mi láti kíṣìnì ń bèèrè pé ta ló bímọ. Mo ní, "Ó dàárọ̀! Ìwọ náà, ó dàárọ̀!" Ọmọ yìí ò fèsì. Nígbà tí mo máa fi bojú wo tẹlifíṣọ̀n, Falcon ti tún dé láti òkè, Jigglypuff mi ṣì dijú, Falcon ti ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti gbá a.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."