Ẹ Kọ́lé Fóníṣẹ́ Ọwọ́ Ná, Maiduguri Á Rí Èèyàn Ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti wá bíríkìlà ní Maiduguri látìgbà tómi ti ya wọ̀lú ní September 10, 2024, á mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ pè é lónìí, á ní ó di ọ̀la, tó bá di ọ̀la á tún ní òun wà ní sáìtì kan lódìkejì ìlú, nígbà tó bá sì wá dé, owó tó máa pè á bà yín lẹ́rù.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ya ọ̀lẹ, pé ìrẹsì ìrànwọ́ ti mọ́ wọn lára. Irọ́ ni, ó sì ń dùn wá tá a bá ń gbọ́ ọ. Ẹ wo ibi tómi wọ̀ nígbà tí dáàmù Alau já: Gwange, Gamboru, Bulabulin, Fori, Galtimari. Ibẹ̀ náà ni lébìrà, káfíńtà, rẹwáyà àti ìyá alákàrà ń gbé! Èèyàn tó sá kúrò nílé tó 400,000. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó wá mọ ògiri yín, ògiri tiẹ̀ náà ti wó, omi ti gbé irinṣẹ́ ẹ̀ lọ, rẹ́ǹtì sì ti ga ju ọwọ́ ẹ̀ lọ. Tó bá wá lọ ń gbé lẹ́yìn ìlú ńkọ́? Látọdún 2011 tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri, kẹ̀kẹ́ ni mẹ̀kúnnù ń wọ̀, owó kẹ̀kẹ́ àlọ àtàbọ̀ á sì gé owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ kù kó tó ra gààrí.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní New Orleans, l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005. Iṣẹ́ pọ̀, èèyàn ò sí, débi pé Burger King, iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, ní àwọn máa fi 6,000 dọ́là kún owó ẹni tó bá bá àwọn ṣiṣẹ́ fọ́dún kan, torí àwọn òṣìṣẹ́ ò rílé gbé. Ààrẹ Bush tún wá dá òfin tó ń dáàbò bo owó iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kọngilá ìjọba dúró, ariwo ta, oṣù méjì lẹ́yìn náà ló dá a padà. Ọ̀pọ̀ àlejò tó wá bá wọn kó pàǹtí ṣiṣẹ́ tán, wọn ò rówó gbà.

Ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí 80 bílíọ̀nù náírà láti tún dáàmù Alau ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kómi tún padà wá? Àmọ́ iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ tún máa fa àwọn oníṣẹ́ díẹ̀ tó kù kúrò nígboro ni. Ìdí nìyí tá a fi ń sọ fún Gómìnà Zulum ti Borno àti Àbújá pé ilé àwọn ará Gwange àti Fori ni kówó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì gba àwọn onílé gan-an síṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin kọngilá wa tẹ́ ẹ wà l'Ábújá náà, tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ gbà ní Borno, ẹ má kàn kó gbogbo lébìrà láti Ìbàdàn lọ. Ẹ fi ọmọ àdúgbò ti bíríkìlà yín kó máa kọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa sanwó wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ má ní kí wọ́n dúró dìgbà tówó ìjọba bá jáde.